Bí Ọdẹ́jìnmí ṣe fi abetí-ajá fọmọ fọ́kọ

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí? Ẹ ò mọ̀. Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ̀rín má baà gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi.

Abúlé Òkè-Àpáta àti ti Ìsàlẹ̀-Àpáta jà nígbà kan, nítorí ẹtu kan ṣoṣo. Òkè ló yìnbọn fún un, Ìsàlẹ̀ ló lọ kú sí. Wọ́n dáná sun abà ara wọn, wọ́n sọ ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́jìnmí ará Òkè di arọ. Ẹtu náà sì jẹrà síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tọ́ ọ wò. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú! Láti ìgbà náà, Òkè ń pọnmi láàárọ̀, Ìsàlẹ̀ ń pọn tiwọn nírọ̀lẹ́, kí ojú má kan ojú.

Àṣé Àwẹ̀ró, ọmọ Ọdẹ́jìnmí, ń mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé kèrègbè sétí odò láàárọ̀. Akínloyè ará Ìsàlẹ̀ á bá a níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, á pọnmi kún un, á já ewé tútù dé e lẹ́nu. Oṣù mẹ́fà, ẹ̀yin ọmọ mi! Ni Àwẹ̀ró bá ní bí kì í bá ṣe Akínloyè, òun ò lọ́kọ.

Ìsàlẹ̀ kó ogún iṣu, wọ́n gòkè wá tọrọ ọmọ.

Láyé ìgbà náà, bàbá ọmọ kì í fẹnu sọ pé òun gbà. Bó bá ti ṣí fìlà lórí níwájú àna, ó parí; wọ́n á dọ̀bálẹ̀ fún fìlà náà, kò sì sẹ́ni tó lè yí i padà. Bí fìlà bá wà lórí títí ilẹ̀ fi ṣú, kí àna máa ru iṣu rẹ̀ lọ. Ọdẹ́jìnmí wá jókòó, ó fọwọ́ méjèèjì di abetí-ajá rẹ̀ mú bí ẹni tí ìjì ń jà.

"Ẹ kúrò nílẹ̀ mi! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ba ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́!"

Lájùwọ̀n, bàbá Akínloyè, ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, abà tiwa náà jóná."

"Kò jó tó!"

Ìyàwó Ọdẹ́jìnmí ní, "Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ rọra. Orí yín ló yan àna yìí fún yín."

"Orí mi?" Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ gbọnran. "Orí tó yan irú èyí fún mi, kò tún ní dé fìlà mi mọ́! Ìbàdí mi sàn jù ú lọ!"

Ló bá já fìlà lórí, ó fi dé ìbàdí, ó ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ okùn ṣòkòtò.

Lájùwọ̀n figbe ta: "Ó ti ṣí i o!"

Gbìì! Gbogbo Ìsàlẹ̀ dọ̀bálẹ̀.

"Mi ò gbà!" Bó ṣe kọjú sí wọn, wọ́n sáré yí lọ sẹ́yìn rẹ̀, torí ibẹ̀ ni fìlà wà. Ó tún yí, wọ́n tún yí. "A dúpẹ́ o, bàbá wa!" Ìdí ni wọ́n ń kí!

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó yarọ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹni tí wọn ò rí eyín rẹ̀ láti ọjọ́ ẹtu. "Àbúrò mi, ìdí rẹ ti gbà. Kí lo tún ń fẹnu jà sí?"

Kó tó fèsì, Àwẹ̀ró ti gbé kèrègbè rẹ̀, ó ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀.

Títí bàbá yẹn fi kú, bínú bá ti fẹ́ bí i, ìyàwó rẹ̀ á yára di fìlà mú mọ́ ọn lórí: "Bàbá Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin mìíràn ṣì kù nílé o! A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí."