Rufus Ṣóyẹmí Fẹ́ Pa Ìwé Owó Orí Rẹ̀ Pọ̀ Mọ́ Tìyàwó

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ń bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọ ilé ara rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ẹnìkan ń wo òun, Rufus Ṣóyẹmí nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ni, regbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, la jọ wà. Bí ẹ bá kí i láìfi "Olóyè" síwájú, kò ní gbọ́. Èmi ni mo máa ń kì í: Ṣóyẹmí A-fagbádá-gbálẹ̀, ọkọ Tàíbátù, ọlọ́rọ̀ lóde, tálákà nínú fọ́ọ̀mù.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yìí ni mo fẹ́ sọ.

Lọ́dún yìí ni ipò Gíwá, olórí ẹgbẹ́ wa, ṣófo. Gíwá ló ń ṣáájú wa lọ́jọ́ Ojúde Ọba, Rufus sì fẹ́ ipò náà débi pé oorun rẹ̀ ń já. A kò tíì yan ẹnikẹ́ni, òun ti lọ rán agbádá, ó ní kí wọ́n fi òwú wúrà kọ GÍWÁ sí àyà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ wa ni pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ Gíwá gbọ́dọ̀ mú ìwé owó orí ọdún mẹ́ta wá, kí a kà á sétí gbogbo wa. Bẹ́ẹ̀, lọ́dọọdún ni Rufus ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé àgbẹ̀ kékeré lòun, ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lòun ń gbìn. Owó orí tó ń san kò tó owó ìfọṣọ rẹ̀. Tàíbátù ìyàwó rẹ̀, tó ń ta páànù, ló ń san owó orí gidi, lórúkọ ara rẹ̀.

Àfi bí Ayọ̀kúnmi ọmọ wọn ṣe fóònù láti Amẹ́ríkà. Ó ní tẹ́lẹ̀, òun àti ìyàwó òun ń kọ ìwé owó orí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ti ní kí ọ́fíìsì owó orí ibẹ̀ tún un ṣe, kó di ìwé kan ṣoṣo. Inú Rufus dùn dé ẹsẹ̀. Bí a bá pa tirẹ̀ náà pọ̀ mọ́ ti Tàíbátù, tí orúkọ ọkọ sì wà lókè, ta ni yóò mọ ẹni tó sanwó?

Ó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì owó orí. Kí wọ́n má baà fojú kéré rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, ó to dúkìá rẹ̀ sínú lẹ́tà náà: ilé mẹ́rin ní Odògbolú, ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà, àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìbẹ̀fun, ayálégbé sì kún gbogbo wọn. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Rufus, ìka ọwọ́ ló ṣe é.

Ó gbé e fún Tàíbátù pé kó buwọ́ lù ú, ó ní ara kan ni tọkọtaya. Tàíbátù fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

"Bàbá Ayọ̀kúnmi, ilé Ìbẹ̀fun wo?"

"Ti àwa méjèèjì ni," ni Rufus wí.

Ìyàwó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì buwọ́ lù ú.

Àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé gan-an ni èsì dé. Rufus kò tilẹ̀ tú u. Ó wọ GÍWÁ rẹ̀, ó gbé àpò ìwé náà fún Quadri, akọ̀wé wa, níwájú tọkùnrin tobìnrin ẹgbẹ́. "Kà á sókè, Quadri. Bí àwọn ti ẹ̀yìn ò bá gbọ́, tún un kà."

Quadri kà á. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí. Wọ́n ní nílẹ̀ wa níbí, olúkúlùkù ló ń san owó orí tirẹ̀, tọkọtaya kì í pa á pọ̀, nítorí náà ìwé Ìyáàfin Tàíbátù wà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ní ilé márùn-ún àti ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà, tó sì ti ń sọ fún àwọn láti ọdún mẹ́ta pé ẹ̀gẹ́ lòun ń gbìn, kó jọ̀wọ́ wá san owó orí gbogbo wọn.



"Àwa ti ẹ̀yìn ò gbọ́ o," ni ẹnìkan wí.

Quadri tún un kà.

Ẹ̀rín là wá ń rín. Rufus ká apá agbádá bo àyà rẹ̀ kí a má baà rí òwú wúrà. Ó rọra tẹ̀ sí etí ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í, ó ní kó jọ̀wọ́ bá òun san díẹ̀ níbẹ̀, ṣebí ara kan làwọn.

Ohùn òkè ni Tàíbátù fi dá a lóhùn.

"Ara kan ni wá, Bàbá Ayọ̀kúnmi. Àpò wa ló jẹ́ méjì. Ẹ lọ ta ilé Ìbẹ̀fun."