Ọkọ̀ Akéde Yóò Gun Òkè Àpáta

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ìgbádò, tọmọdé tàgbà! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè sílẹ̀ ná. Àjàdí akéde yín ló ń sọ̀rọ̀, Kábíyèsí ló rán an níṣẹ́. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá lónìí, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Kábíyèsí ní kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama wa máa kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì mọ́ ìwé wọn. Ọ̀gá Rábíù mẹkáníìkì ló ń kọ́ wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yọ̀ǹda ọkọ̀ fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́? Gbogbo ọlọ́kọ̀ ìlú yìí ló sá pamọ́. Ni ojú Kábíyèsí bá dúró lórí ọkọ̀ ìkéde Àjàdí. Wọ́n ní kò sí àìsàn tó ń ṣe ọkọ̀ tí kì í ṣe é. Òótọ́ ni. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀, ẹ̀yin lẹ ń tì í láràárọ̀.

Lọ́la, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ dá gun Òkè Àpáta. Bó bá gùn ún, kíláàsì mẹkáníìkì dúró. Bó bá kọṣẹ́, àwọn ọmọ yóò kó sípánà sílẹ̀, kíláàsì tú ká nìyẹn. Nítorí náà, ẹ gbọ́ àṣẹ!

Èkíní: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ọkọ̀ náà. Ẹ ò gbọdọ̀ tì í! A mọ̀ pé ó ti mọ́ yín lára. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, òun ni yóò máa gbé agogo Àjàdí kiri títí ọdún yóò fi yípo.

Èkejì: Bí àwọn ọmọ bá tú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n tò ó padà, tí irin kan sì ṣẹ́kù nílẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ṣẹ́kù lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì ti rí àyè rẹ̀. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín yóò jókòó níwájú ọkọ̀ lọ́la, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjàdí.

Ẹ̀kẹta: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi àdúrà sínú táǹkì epo mọ́.

Ẹ rọra, ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé. Wúràọlá ọmọ aránṣọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, ló fa epo inú táǹkì sínú ike, ló bá rí omi nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀tá wo ló ṣe èyí. Kò sí ọ̀tá kankan, Àjàdí fúnra rẹ̀ ni. Tí ọdún tuntun bá ti dé, á gba omi àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, á mu ìdajì, á da ìdajì sí táǹkì, kí ọkọ̀ má baà kọṣẹ́ lọ́nà. Bí ọkọ̀ bá sì ń wúkọ́, á tún bù kún un. Akéde tó mọ ọ̀rọ̀ gbogbo ilé nìyẹn o! Àwọn ọmọ ò fi í ṣẹ̀sín, ṣe ni wọ́n da omi náà nù. Ojú ti Àjàdí gan-an. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ kí kíláàsì yẹn tú ká.

Wọ́n ti fọ táǹkì. Wọ́n ti tún bíréèkì ṣe. Àjàdí ni yóò wa ọkọ̀ náà, òkè yẹn sì ga.

Bí Kábíyèsí ṣe rán an ló ṣe jẹ́ ẹ, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Ẹ bá a gbàdúrà kílẹ̀ tó mọ́, ẹ̀yin ará ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi omi àdúrà sílé o.