Onídùúró Tí Kò Lè Dúró

Ọ́fíìsì kékeré kan ni, tábìlì kan, àga méjì, àti kọ̀ǹpútà tó ń kùn bí ẹni tó sùn yó. Akọ̀wé, ọmọbìnrin tó mọ ìwé òfin lórí, ló ń forúkọ àwọn tó fẹ́ kí ìjọba bá wọn san owó ilé ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀. Òní ni ọjọ́ ìparí, aago mẹ́rin ni wọn yóò sì tìlẹ̀kùn. Ó ku díẹ̀ kó lù nígbà tí alágbàfọ̀ kan wọlé. Irun rẹ̀ ti funfun, sítáàṣì sì mú kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ le gbagidi.

AKỌ̀WÉ: Ẹ káàsán, bàbá. Ẹ jókòó. Ọmọ yín dà?

ALÁGBÀFỌ̀: Èwo nínú wọn?

AKỌ̀WÉ: Èyí tó fẹ́ lọ sílé ẹ̀kọ́.

ALÁGBÀFỌ̀: Gbogbo wọn ti lọ, wọ́n ti dé. Èmi ló kù.

AKỌ̀WÉ: Ẹ̀yin ló kù láti ṣe kí ni?

ALÁGBÀFỌ̀: Láti lọ. Wọ́n ti gbà mí wọlé. Kẹ́mísírì ni mo fẹ́ kọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọṣẹ ń bá ìdọ̀tí sọ tí ìdọ̀tí fi ń gbà láti kúrò lára aṣọ.

Akọ̀wé wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún wo kọ́là náà.

AKỌ̀WÉ: Kò burú. Òfin ò sọ pé àgbà ò gbọdọ̀ wá. Owó ìrànwọ́ lẹ wá gbà nìyẹn.

ALÁGBÀFỌ̀: Rárá, ọ̀gá. Mi ò wá wòran.

AKỌ̀WÉ: Ta ló dárúkọ ìran? Ìrànwọ́ ni mo wí.

ALÁGBÀFỌ̀: Ohun tí èmi náà ń sọ nìyẹn. Ẹni ọgọ́ta ọdún kì í lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ wòran. Mo fẹ́ kàwé ni.

AKỌ̀WÉ: Bàbá, ìrànlọ́wọ́. Ìjọba fẹ́ ràn yín lọ́wọ́.

ALÁGBÀFỌ̀: Ọwọ́ mi ò ṣe nǹkan kan. Àpò mi ni kí wọ́n ràn.

AKỌ̀WÉ: Ìjọba kì í rán àpò. Télọ̀ ló ń rán àpò.

ALÁGBÀFỌ̀: Mo ní télọ̀ kan. Abẹ́ mi ló wà.

Ojú akọ̀wé là. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra.

AKỌ̀WÉ: Ẹ ò rí i, ibẹ̀ gan-an ni mò ń bọ̀. Èèyàn mélòó ló wà lábẹ́ yín?

ALÁGBÀFỌ̀: Télọ̀ náà, ìyàwó ẹ̀, àwọn ọmọ wọn mẹ́rin, àti ìyá ìyàwó ẹ̀ tí kì í kí èèyàn.

AKỌ̀WÉ: Méje. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbọ́ bùkátà wọn?

ALÁGBÀFỌ̀: Gbogbo ẹ̀ ni mò ń gbọ́. Pákó ilẹ̀ yàrá mi fẹ́lẹ́. Tí wọ́n bá ń jà lórí owó bàtà ọmọ, àfi bíi pé orí bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n jókòó sí.

AKỌ̀WÉ: Ẹ kú ìfaradà.

ALÁGBÀFỌ̀: Mo ti ń fi òwú dí etí.

AKỌ̀WÉ: Owó tó ń wọlé fún yín lóṣù ńkọ́?

ALÁGBÀFỌ̀: Kì í wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni onílé ti ń pàdé ẹ̀.

AKỌ̀WÉ: Bàbá, iye tó ń wọlé ni mo bi yín.

ALÁGBÀFỌ̀: Èmi nìkan ló ń wọlé, ọ̀gá.

Akọ̀wé tẹ òdo. Ó mí kanlẹ̀, ó sì fọwọ́ lé tábìlì bí olùkọ́ tó fẹ́ ṣàlàyé fún ọmọ tó ti ń tòògbé.

AKỌ̀WÉ: Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Kì í ṣe ẹ̀yáwó. Tí wọ́n bá ti fún yín, ẹ ò ní dá a padà.

Alágbàfọ̀ dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́nu ọ̀nà.

AKỌ̀WÉ: Níbo lẹ ń lọ?

ALÁGBÀFỌ̀: Mi ò ṣe mọ́. Nínú iṣẹ́ tiwa, ohun tí wọ́n bá gbé fún èèyàn, èèyàn máa ń dá a padà. Bọ́tìnnì tó bá já bọ́ pàápàá, inú ìwé ni mo máa ń dì í sí kí n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀wù náà. Alágbàfọ̀ tí kì í dá nǹkan padà, olè ni wọ́n ń pè é.

AKỌ̀WÉ: Ẹ̀bùn ni.

ALÁGBÀFỌ̀: Níbo ni ìjọba ti mọ̀ mí? Ṣé mo ti fọ ṣòkòtò ẹ̀ rí ni?

AKỌ̀WÉ: Kò mọ̀ yín. Ó kàn fẹ́ kí ẹ kàwé ni. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ fẹ́ ẹ?

Ọkùnrin náà dúró, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

ALÁGBÀFỌ̀: Ọdọọdún ni wọ́n máa ń kó ẹ̀wù ìkẹ́kọ̀ọ́yege wá fún mi. Màá fọ̀ ọ́, màá lọ̀ ọ́. Kí onítọ̀hún tó wá gbé e, màá gbé e sókè síwájú àyà mi nínú dígí. Mi ò kì í wọ̀ ọ́. Ti oníbàárà ni. Mo kàn fẹ́ kí ọ̀kan wà tí ẹnikẹ́ni ò ní wá gbé.

Akọ̀wé fọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó na ọwọ́ sí àga, alágbàfọ̀ sì padà wá jókòó.

AKỌ̀WÉ: Ó ku onídùúró.

ALÁGBÀFỌ̀: Ṣé dandan ni kó dúró?

AKỌ̀WÉ: Òfin ni. Bàbá tàbí ìyá akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò dúró fún un.

ALÁGBÀFỌ̀: Bàbá mi ò lè dúró. Orúnkún ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń wá oníjòkòó, wọ́n lè jókòó láti àárọ̀ dalẹ́.

AKỌ̀WÉ: Bàbá yín ṣì wà láyé?

ALÁGBÀFỌ̀: Wọ́n wà nílé. Àwọn gan-an ni wàhálà mi. Wọ́n ní mo ṣì kéré.

AKỌ̀WÉ: Sí kí ni?

ALÁGBÀFỌ̀: Láti máa dá lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n ní àwọn ọmọ ibẹ̀ á bà mí jẹ́.

Akọ̀wé wo aago ara ògiri. Ó na ọwọ́.

AKỌ̀WÉ: Ẹ pè wọ́n kí ẹ gbé fóònù yẹn fún mi. Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ẹ jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé nǹkan fún àgbàlagbà hàn yín.

Ó gba fóònù. Kò tíì sọ gbólóhùn kan parí tó fi dìde dúró.

AKỌ̀WÉ: Ẹ káàsán, sà. Láti ọ́fíìsì ìjọba ni. Rárá, sà, kò jí nǹkan kan. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. *(Ó bo fóònù.)* Ṣé ẹ ti jẹun?

ALÁGBÀFỌ̀: Mo jẹun láàárọ̀.

AKỌ̀WÉ: Ó ní òun jẹun láàárọ̀, sà. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Rárá, sà, èmi ni, kì í ṣe òun. Mi ò tíì lọ́kọ. Mo gbọ́, sà. Màá ronú sí i, sà. Màá máa ṣọ́ ọ. Ẹ ṣé, sà.

Ó rọra gbé fóònù sílẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Òógùn ti bò ó níwájú orí.

ALÁGBÀFỌ̀: Kí ni wọ́n wí?

AKỌ̀WÉ: Wọ́n gbà, wọ́n á dúró fún yín. Wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ pẹ́ níta, ẹ ò gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ burúkú rìn, ẹ ò sì gbọdọ̀ bá obìnrin kankan sùn títí ẹ ó fi gboyè.

ALÁGBÀFỌ̀: Ìyàwó mi ńkọ́?

AKỌ̀WÉ: Ẹ bi wọ́n tí ẹ bá délé. Èmi ò lè pè wọ́n mọ́.

Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

AKỌ̀WÉ: Ó ti gbà yín. Ẹni tó ń bọ́ èèyàn méje láìní owó tó ń wọlé, irú ẹ̀ ò tíì dé ibí rí.

ALÁGBÀFỌ̀: Ta ló ń bọ́ èèyàn méje?

AKỌ̀WÉ: Àwọn tó wà lábẹ́ yín.

ALÁGBÀFỌ̀: Àwọn ará ìsàlẹ̀? Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé, ọ̀gá. Èmi wà lókè.

Akọ̀wé di orí mú. Ó pa méje rẹ́.

AKỌ̀WÉ: Ìyàwó yín ńkọ́, ṣé òun wà lábẹ́ yín?

ALÁGBÀFỌ̀: Èmi ni mo wà lábẹ́ ìyàwó mi.

AKỌ̀WÉ: Ta ló ni yàrá tí ẹ ń gbé?

ALÁGBÀFỌ̀: Bàbá mi ló háyà ẹ̀. Àwọn náà ló ń san án fún onílé tí tèmi ò bá tó.

Ó tẹ gbogbo rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà kùn, ó dákẹ́, ó tún kùn.

AKỌ̀WÉ: Ó tún gbà yín, owó tilẹ̀ lé sí i. Ó ní ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni lábẹ́, tó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀, tí bàbá ń tọ́jú, ọmọdé ni lójú òfin. Àwọn ọmọdé ni wọ́n sì ń bá san gbogbo owó ilé ẹ̀kọ́.

Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé náà gbàmù. Aago mẹ́rin lù. Alágbàfọ̀ gba ìwé, ó ká a bí ẹni tó ń ká ẹ̀wù tuntun, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

AKỌ̀WÉ: Ẹ kú oríire. Bàbá yín mà tún sọ nǹkan kan. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn débi pé àwọn náà ń bọ̀ wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Alágbàfọ̀ mi orí.

ALÁGBÀFỌ̀: Ẹ má retí wọn, ọ̀gá. Ìyá wọn ò ní gbà.