Owó Tí Mo Gbà Lórí Iṣẹ́ Tí Kò Sí

Ọjọ́ Ajé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn yóò fi sin mí. Ọjọ́ náà ni mo gbé kóòtù wọ̀, mo so táì, mo gba Apọ́ngbọ̀n lọ.

Èmi ni alága ẹgbẹ́ àwa aṣírò-owó kan lórí Wasáàpù. Ọ̀fẹ́ ni àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ máa ń polówó iṣẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá mi dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, tí nǹkan le, mo ní kí wọ́n máa san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà kí n tó gbé ìpolówó wọn jáde. Àlàájà kan tó ń ta aṣọ ní Lafiaji ló kọ́kọ́ pè mí.

"Èmi tí mo fẹ́ fún èèyàn níṣẹ́ ni kí n tún sanwó? Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó pa fóònù.

Báyìí ni àwọn èèyàn gidi tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ṣe lọ. Ìgbà tó yá, ọkùnrin kan sanwó kíá, kò tiẹ̀ dúnàádúrà. Inú mi dùn débi pé mo kọ ọ́ sábẹ́ ìpolówó rẹ̀ pé, "A ti gba owó." Ẹ mọ àwa aṣírò-owó: bí a bá ti gbọ́ pé owó wọlé, ọkàn wa balẹ̀. Kò sẹ́ni tó wádìí ọkùnrin náà, èmi gan-an ò wádìí rẹ̀. Mo tiẹ̀ yọ́ fi orúkọ tèmi náà sílẹ̀. Ó ní ká san owó fọ́ọ̀mù, mo sì san ìlọ́po mẹ́ta ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Alága ọlọ́gbọ́n!

Ṣọ́ọ̀bù agboòrùn ni mo bá ní àdírẹ́sì Apọ́ngbọ̀n tó ní ká wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́jọ́ Ajé náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi ti kún iwájú rẹ̀, wọ́n mú fáìlì lọ́wọ́, wọ́n ń làágùn.

"Ẹ má dí mi lọ́nà, ẹ jọ̀ọ́," ni ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ń pariwo. "Ṣé wọ́n ní mò ń pín ìrẹsì ni?"

Rísíkátù, opó tó ń dá tọ́ ọmọ méjì, sún mọ́ mi. "Alága, ẹ̀yin lẹ ní ẹ ti gbowó wọn. Mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní CMS o."

Mo fẹ́ purọ́ pé ìwádìí ni mo wá ṣe, àmọ́ fọ́ọ̀mù tí mo lẹ fọ́tò mi mọ́ ń yọ jáde látinú fáìlì ọwọ́ mi. Ó wò ó, ó wò mí, ó bú sẹ́kún. Ojú tì mí gidigidi.

Wọ́n yọ mí nípò alága lọ́jọ́ náà, ó sì tọ́ sí mi. Mo ti wá mọ̀ pé kí èèyàn sanwó ò sọ pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá rántí kóòtù yẹn nínú oòrùn, mo máa ń fi ara mi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀gá Rísíkátù kò gbà á padà, bí mo bá sì pàdé Rísíkátù lọ́nà, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wo ilẹ̀.