Ẹ̀ṣọ́ Tó Pa Ọ̀ọ́dúnrún Èèyàn Lánàá

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè ní Pẹ̀lẹ́, nítorí pé bí ó bá fi ẹsẹ̀ kọ òkúta, òkúta ni ó máa ń bẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó wá iṣẹ́ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ kan tó ń pèsè ẹ̀ṣọ́, ó fi orúnkún gbá àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì tẹ orí ba.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó wí fún àga náà. "Mi ò rí yín ni."

Lẹ́yìn tábìlì, Ọ̀gá gbé ojú sókè. Ọkùnrin tó lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún ni, irunmú rẹ̀ nípọn bí búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń nu bàtà. Kóńdó mẹ́fà ni ó fi kọ́ ara ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Àga ni, sà."

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, sà. Èmi ni mo gbá a."

"O káre!" Ọ̀gá kọ nǹkan sínú ìwé. "O ò tíì jókòó, o ti lu nǹkan. Jókòó."

Pẹ̀lẹ́ jókòó sétí àga náà, kí ó má bàa ni ín lára jù. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Láàárọ̀ yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ti kó gbogbo aṣọ rẹ̀ sínú àpò kan, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó ní: "Bí o bá ríṣẹ́ lónìí, gbé e wọlé padà. Bí o ò bá rí, má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Gbé e, kí o máa lọ."

"O rí ìkéde wa?"

"Mo rí i, sà. Ẹ ní ẹ ń wá ọ̀dọ́ tó ń gbá géèmù ìjà."

"Kì í ṣe ìjà lásán. Géèmù ìpànìyàn! Ṣé o mọ ìdí rẹ̀?" Ọ̀gá na ìwé ìròyìn kan sókè. Ó ti fi bírò pupa fàlà sí i títí kò fi ku ibi tí kò pupa. "Gbogbo ayé ló ń pariwo. Àwọn òbí ń sunkún, àwọn olùkọ́ ń sunkún: géèmù ń sọ ọmọ wa di ẹhànnà, géèmù ń sọ wọ́n di ẹkùn! Wọ́n ń sunkún, kò sẹ́ni tó ronú nínú wọn. Èmi ni mo jókòó ronú. Mo ní, ẹkùn kẹ̀? Èmi tí mo ti ń wá ẹkùn láti ọjọ́ yìí!"

"Ẹ kú làákàyè, sà."

"Àgùntàn ni gbogbo ẹ̀ṣọ́ tí mo ní. Èyí tí mo fi sí ilé ìkẹ́rùsí fóòmù kẹ́yìn, olè wọlé bá a níbi tó sùn sí lórí fóòmù. Ṣé o mọ ohun tó ṣe?"

"Ó sá, sà?"

"Ó sún fún un!"

"Ó mà ṣèèyàn o," ni Pẹ̀lẹ́ wí, kó tó rántí ibi tí ó wà. "Mo ní, ó burú jáì, sà."

"Aago méjì ọ̀sán òní ni ìyá tó ni fóòmù dá fún mi. Bí mi ò bá mú ẹ̀ṣọ́ tó rorò wá, ó máa gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Torí náà, dá mi lóhùn bí ọkùnrin. Èèyàn mélòó lo ti pa?"

"Lánàá ni, àbí láti ìbẹ̀rẹ̀, sà?"

Ọ̀gá di etí tábìlì mú. "Lánàá."

"Ọ̀ọ́dúnrún lé mọ́kànlá. Ì bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n wá fọ abọ́."

"O wá fọ̀ ọ́?"

"Mo fọ̀ ọ́, sà. Mo tún nù ún gbẹ."

"Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́!" Ọ̀gá sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàmín àdúrà. "Kí ni wọ́n ń pè ọ́ nínú géèmù náà?"

"Ikú-Ò-Gbóògùn, sà."

"Nílé ńkọ́?"

Pẹ̀lẹ́ wo bàtà rẹ̀. "Wọ́n máa ń gé e kúrú, sà."

Ọ̀gá dìde, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò àlòkù.

"Ó dáa. Màá bú ọ wàyí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ á ru, á ṣe ọ́ bíi kí o fò mọ́ mi lọ́rùn. Má fò mọ́ mi lọ́rùn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Ojú rẹ dà bí ẹ̀yìn ìkòkò!"

"Bàbá mi ni mo fi jọ, sà."

"Mo bú bàbá rẹ mọ́ ọn!"

"Ẹ ṣé gan-an, sà. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti dárúkọ wọn."

"Ọ̀lẹ! Alápá-má-ṣiṣẹ́! Ẹni tó ń jẹ oúnjẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìtìjú!"

"Háà. Ta ló sọ fún yín, sà?"

Ọ̀gá gbé gìgísẹ̀ lé bàtà Pẹ̀lẹ́, ó sì fi gbogbo ara dúró lé e.

"Báyìí ńkọ́?"

"Ẹ rọra, sà. Bàtà yẹn ń yọ̀. Ẹ má lọ ṣubú."

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀, ó padà sídìí ìwé rẹ̀. "Ó ń kó ìbínú pa mọ́," ó ń ka ohun tó ń kọ sókè. "Irú wọn ló burú jù." Ó yọ kóńdó kan lára ògiri, ó mú èyí tó tóbi jù. "Gbà. Ẹ̀ṣọ́ ni ọ́, olè ni mí. Iwájú rẹ ni màá gbà kọjá."

Ó gbé páálí ńlá kan ní igun yàrá, ó ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni Pẹ̀lẹ́ wí. "Ṣé kí n bá yín dì í mú lápá kan?"

"Olè ni mí!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ẹ ro ti ẹ̀yìn yín."

Ọ̀gá ju páálí sílẹ̀. "Ìwọ tí o pa ọ̀ọ́dúnrún èèyàn! Àwọn yẹn ńkọ́, ṣé o bá wọn gbé ẹrù?"

"Àwọn yẹn, wọ́n kọ 'ọ̀tá' sí wọn lórí pẹ̀lú lẹ́tà pupa, sà. Á máa tàn yòò. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹ̀yin, wọn ò kọ nǹkan kan sí yín lórí. Ẹ lè jẹ́ ọkọ ìyá tó ni fóòmù."

Ọ̀gá rò ó, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó fa ewé kan ya nínú ìwé rẹ̀, ó kọ OLÈ sí i gàdàgbà gadagba, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí ara rẹ̀, ó sì tún gbé páálí.

"Báyìí ńkọ́?"

Pẹ̀lẹ́ gbé kóńdó sókè. Ó rántí àpò tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó di ojú, ó sì fi kóńdó náà kan Ọ̀gá léjìká, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ jí ọmọ tó sùn.

"Ẹ má bínú, sà. Ṣé ó dùn yín?"

Ọ̀gá jókòó sórí páálí. "Ó tán. Aago mọ́kànlá ti kọjá. Ìwé ìròyìn ti tàn mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má lé mi." Pẹ̀lẹ́ gbé kóńdó sílẹ̀, ó jókòó padà. "Kì í ṣe pé mo parọ́. Nínú géèmù yẹn, èmi kọ́ ni mò ń jà. Èmi jókòó ni. Mo di páàdì mú, mo ń fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì. Ọkùnrin kan wà nínú tẹlifíṣàn, òun ló ń jà. Òun ló rorò. Èmi ń jẹ bísíkíìtì."

Ọ̀gá gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ OLÈ sí ṣì wà níwájú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ ìwé náà ni èrò tuntun ti ń yọ.

"Ọmọ yìí! A jẹ́ pé ìrorò náà wà lára rẹ o. Àtàǹpàkò ló kó sí! Ara tó máa gbà á ni kò tíì rí." Ó gbé ẹ̀rọ ìṣírò orí tábìlì, ó kì í bọ Pẹ̀lẹ́ lọ́wọ́. "Páàdì nìyẹn. Èmi ni ọkùnrin inú tẹlifíṣàn."

"Sà?"

Ọ̀gá yọ ìwé kúrò níwájú orí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ kóòtù kan tó wà lórí igi ìfaṣọkọ́ ní igun yàrá. "Olè nìyẹn. Tẹ̀ mí."

"Kí ni kí n tẹ̀, sà? Ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tí ìkọ̀ọ̀kan ń ṣe."

"Ìbéèrè ọlọgbọ́n. Méjì, kí n lọ síwájú. Márùn-ún, ìkúùkù. Méje, kí n fi ẹsẹ̀ ta á. Mẹ́sàn-án, kí n fò. Òdo, kí n dúró."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wọlé, Pẹ̀lẹ́ jókòó dáadáa. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Àtàǹpàkò rẹ̀ balẹ̀ sórí méjì.

Ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

"Ó ń ṣiṣẹ́!"

"Ẹ má sọ̀rọ̀, sà. Ọkùnrin tiwa kì í sọ̀rọ̀."

Méjì. Méjì. Márùn-ún. Kóòtù jẹ ìkúùkù. Méje. Igi ìfaṣọkọ́ wó lulẹ̀ gbì. Mẹ́sàn-án. Ọ̀gá wà lórí tábìlì.

"Ẹ rọra, sà, ẹ ń tẹ fáìlì mọ́lẹ̀."

"Ìwọ lò ń tẹ̀ mí!"

"Mẹ́sàn-án kan ni mo tẹ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ fò lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ara ló ti gbóná!" Irunmú Ọ̀gá ti nà ró. "Tẹ márùn-ún! Tún un tẹ̀! Olòṣì olè! Ṣé fóòmù ìyá olófóòmù lojú rẹ wọ̀?" Ó bẹ́ lé kóòtù náà, ó fa apá rẹ̀ kan já, ó fi eyín mú ọrùn rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì.

"Sà, kóòtù ta ni?"

"Kóòtù mi ni! Ogún ọdún ni mo ti ń wọ̀ ọ́! Tẹ méje!"

Bàtà Ọ̀gá bọ́ lẹ́sẹ̀, ó gba fèrèsé jáde, gíláàsì sì fọ́ yángá. Àwọn kóńdó tó kù lára ògiri já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tó kéré jù. Pẹ̀lẹ́ yára tẹ òdo. Ọ̀gá dúró gbọn-in, ẹsẹ̀ kan lókè.

Tẹlifóònù dún.

"Gbé e," Ọ̀gá wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mi ò lè kúrò níbi. Òdo lo tẹ̀." Pẹ̀lẹ́ gbé e, ṣùgbọ́n ojú Ọ̀gá ti kan kóòtù. "Ó ń mira! Apá tó kù yẹn mira! Ẹ fi mí sílẹ̀, kí n jẹ ẹ́ ní tútù!"

"Ẹ káàárọ̀ o, mà," ni Pẹ̀lẹ́ wí sínú tẹlifóònù. "Háà, ẹ̀yin ni ìyá olófóòmù? Ẹ kú ọjà, mà... Ariwo kẹ̀? Ẹ̀ṣọ́ yín ni, mà... Ó rorò gan-an ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eyín fa kóòtù ya ni... Rárá o, mà, kò séèyàn nínú kóòtù náà... Kóòtù ara rẹ̀ ni... Ó ń gbọ́ràn, mà. Bí mo bá ní kó dúró, á dúró. Ó wà lórí ẹsẹ̀ kan báyìí... Èmi kẹ̀?"

Pẹ̀lẹ́ wo Ọ̀gá. Ó wo ẹ̀rọ ìṣírò.

"Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́, mà... Àwa méjèèjì?... Aago méjì. Ẹ ṣeun, mà. Ẹ bá mi kí àwọn fóòmù."

Ó gbé tẹlifóònù sílẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Mo ríṣẹ́, sà! Ó gba àwa méjèèjì. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, òun ò tíì gbọ́ ẹ̀ṣọ́ tó rorò báyìí, ṣùgbọ́n òun ò gbọdọ̀ rí i láìsí ẹni tó ń dá a dúró."

"Ẹ̀ṣọ́ wo?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi? Èmi tí mo ni ilé-iṣẹ́!" Ọ̀gá he kóńdó kan nílẹ̀, ó fì í sókè. Pẹ̀lẹ́ fi ọ̀wọ̀ tẹ òdo. Kóńdó dúró lófuurufú.

"Mo sọ ọ́!" Ọ̀gá ń ké láti ibi tó dúró sí. "Ìwé ìròyìn ò tan èèyàn! Géèmù ń sọni di ẹhànnà! Wo ọ́fíìsì mi! Wo kóòtù mi! Bẹ́ẹ̀, mi ò gbá géèmù rí láyé mi!"

"Ẹ ò gbá a náà, sà. Wọ́n gbá yín ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọ̀gá lára, ì bá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, àmọ́ Pẹ̀lẹ́ kò tíì tẹ nǹkan kan. Ó ro ti ilé ìkẹ́rùsí. Ó ro ti àwọn àgùntàn tí ó ní. Ó mí kanlẹ̀.

"Tẹ méjì," ó wí.

Pẹ̀lẹ́ fi fóònù rẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó gbé àpò wọlé, iṣẹ́ ti bọ́ sí i. Ó wá bàtà Ọ̀gá rí ní ìsàlẹ̀ fèrèsé, ó kúnlẹ̀, ó bá a wọ̀ ọ́. Ó yọ àṣíborí ẹ̀ṣọ́ kan nínú páálí, ó bá a dé e. Ó to àwọn kóńdó padà sára ògiri, ó bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà, Ọ̀gá níwájú, ẹ̀rọ ìṣírò lẹ́yìn.

Níbẹ̀ ni Ọ̀gá ti dúró, láìjẹ́ pé wọ́n tẹ òdo. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ikú-Ò-Gbóògùn."

"Sà?"

"Kóòtù la bá jà lónìí. Bí olè gidi bá wá ńkọ́? Tó mú igi dání? Tí wọ́n bá lọ lù mí pa sáàárín fóòmù ìyá yẹn ńkọ́?"

Pẹ̀lẹ́ bá a gbọn eruku kúrò léjìká, pẹ̀lú gbogbo àánú tó wà nínú rẹ̀.

"Ẹ má mikàn, sà. Bí wọ́n bá pa yín, màá tún bẹ̀rẹ̀."