Fádà Kí Oyè Tó Dé

Ká ní ìgbéraga ń mú èèyàn sanra ni, aṣọ ì bá ti ya mọ́ Anatoli Ssemambya lára. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà àwọn Àgùdà. Kò tíì di díákónì, bẹ́ẹ̀ díákónì pàápàá kò tíì dé ipò fádà. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ sí i létí o. Lójú tirẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù ló kàn ń fi nǹkan falẹ̀.

Òfin ilé-ẹ̀kọ́ wọn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ lo ọdún kan láàárín ìjọ, kó kọ́ bí a ṣe ń sin èèyàn: kó bá wọn ro oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó pọn omi fún arúgbó, kó jókòó ti aláìsàn. Wọ́n rán Anatoli sọ́dọ̀ Fádà Lwasa ní Kyabbogo, nílẹ̀ Buganda. Fádà ní kó máa bójú tó ìjọ kékeré tó wà lẹ́yìn òkè, níbi tí òun fúnra rẹ̀ kì í sábà dé. Àṣé ológbò ló fi ṣọ́ ẹja.

Lọ́jọ́ tó débẹ̀, Nnaalongo, ìyá ìbejì tó jẹ́ olórí àwọn ìyá ìjọ, kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn.

"Ẹ káàbọ̀, ọmọ mi. Kí la ó máa pè yín?"

"Fádà," ló dáhùn. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Bí Anatoli, A-wọ-funfun-má-roko, ṣe gorí oyè nìyẹn. Wọ́n ń kúnlẹ̀, ó ń súre. Wọ́n ń se adìyẹ sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń jẹ iwe. Nílẹ̀ Buganda, baálé ló ni iwe adìyẹ, ṣùgbọ́n ilé yòówù tí Anatoli bá wọ̀, baálé á di àlejò. Bàbá kan tẹjú mọ́ iwe rẹ̀ títí ó fi wọ ọ̀fun ẹlòmíràn.

"Ẹ fara dà á, Bàbá," ni Anatoli wí. "Ìfara-ẹni-rúbọ ló ń gbé èèyàn dé ọ̀run. Ẹ bu ọbẹ̀ sí i fún mi."

Àsìkò oyè díákónì wá kù fẹ́ẹ́fẹ́. Àwọn Àgùdà kì í dédé fi èèyàn joyè. Wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ nínú ìjọ, wọ́n á ní kí ẹni tó bá mọ ìdí tí kò fi yẹ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá gbọ́. Ẹ̀rù ì bá ba ọlọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ńṣe ni inú Anatoli ń dùn. Ó fẹ́ kí ọ̀gá rí bí ayé ṣe fẹ́ràn òun tó. Ó háyà lọ́rì, ó ní kó lọ kó gbogbo ìjọ ẹ̀yìn òkè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì Fádà Lwasa.

"Nnaalongo, bí wọ́n bá dárúkọ mi, ẹ má dákẹ́ o. Ẹ sọ gbogbo ohun tí mo ṣe."

"Fádà, kí ni n ó fi pamọ́? Màá sọ ọ́ tán pátápátá!"

Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Fádà Lwasa pe orúkọ náà. "Ẹni tó bá mọ ìdí tí Anatoli Ssemambya kò fi yẹ kó di díákónì, kó sọ ọ́."

Nnaalongo dìde. "Mo mọ̀ ọ́n!"

Anatoli rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

"Kí ló dé sí yín?" ni ìyá figbe ta. "Ẹni tó ti ń jẹ́ Fádà láti ọdún tó kọjá! Tó ń súre fún wa! Tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan ọkọ́ rí! Tí kò sí iwe adìyẹ tí a kò gbé fún un! Ẹ̀yin wá fẹ́ fà á wálẹ̀ di díákónì? A ò gbà!"

"A ò gbà!" ni gbogbo àwọn tí lọ́rì kó wá fi ohùn sí i.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yíjú sí Anatoli. Òógùn ti bò ó. Ó ń ṣẹ́jú sí Nnaalongo pé kó jókòó, ìyá rò pé ńṣe ló ní kí òun máa bá a lọ.

"Ẹ jẹ́ ká fi hàn wọ́n! Ẹ kúnlẹ̀!"

Gbogbo ìjọ ẹ̀yìn òkè kúnlẹ̀, wọ́n kọjú sí Anatoli, wọ́n tẹríba, wọ́n ń retí ìbùkún.

"Súre fún wọn, Fádà," ni ọ̀gá wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n ń dúró dè ọ́."

Ọwọ́ Anatoli kọ̀, kò gbéra.

"Ó dáa. Fádà Lwasa, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ oyè. Ẹ bá a wá ọkọ́ tó mú. Ọdún tí a ní kó wá lò níbí, òní ló bẹ̀rẹ̀."

Anatoli wó lulẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, ó bú sẹ́kún.

Nnaalongo pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó! Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀! Ṣé irú ẹni báyìí lẹ fẹ́ fà wálẹ̀?"