Etí Japáànù Lọ Ilé Àna

Ẹ̀bi etí mi kọ́, ẹ̀bi ẹnu mi ni. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó.

Mo jókòó jẹ́jẹ́ ní pálọ̀ àwọn àna mi, mo ń retí kí bàbá jáde kí n lè tọrọ ọmọ wọn. Ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn mi, mo ti lọ̀ ọ́ débi pé ó lè dá dúró láìsí èmi nínú rẹ̀.

Fíríìjì ni mo ń tún ṣe jẹun, ṣùgbọ́n alùpùpù Japáànù àtijọ́ ni mo fi ń ṣe fáàrí. Kí alùpùpù ṣáà ti kọjá lójú títì, kí n kọ ẹ̀yìn sí i, màá sọ bóyá Họ́ńdà ni tàbí Sùsúkì, màá sọ iye sílíńdà rẹ̀, màá sì sọ bó ṣe dàgbà tó. “Etí Japáànù” ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Èmi ni mo kọ́kọ́ pe ara mi bẹ́ẹ̀ o, àwọn yòókù kàn bá mi gbè é ni.

Bàbá àna mi náà ní ọ̀kan, èyí tí wọ́n ti gùn láti ìgbà èwe wọn. Wọ́n fi tapólì bò ó sẹ́yìnkùlé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àfẹ́sọ́nà mi ti kìlọ̀ fún mi pé:

“Bàbá mi ò bìkítà nípa iṣẹ́ tó ò ń ṣe. Ẹni tó bá mọyì alùpùpù wọn ni wọ́n máa fọmọ fún.”

Há! Ṣé wọ́n ń fi omi dẹ́rù ba ẹja ni?

Ìyá àna mi gbé omi tútù wá fún mi. “Bàbá wà nínú yàrá, wọ́n máa tó jáde.” Wọ́n bá padà sí kíṣìnnì.

Àfi gbùùrùrùrù! Pù-pù-pù-pù… fíííì!

Láti ẹ̀yìn ògiri ni. Ara mi yá gágá. Bàbá ti ń dán mi wò!

Àfẹ́sọ́nà mi tó jókòó tì mí fà mí láṣọ. “Jọ̀ọ́, ìyẹn kì í ṣe…”

“Ṣíọ̀! Má dárúkọ ẹ̀ fún mi. Etí ni mo fẹ́ fi mọ̀ ọ́n.”

“Ṣùgbọ́n bàbá mi…”

“Dákẹ́ ná, olólùfẹ́. Iṣẹ́ ọkùnrin nìyí.”

Mo dìde, mo fi etí lé ògiri. Mo wá gbé ohùn sókè bí oníwàásù, kí bàbá lè gbọ́ mi dáadáa.

“Japáànù ni! Sùsúkì onísílíńdà méjì, èyí tó ń jó epo àti ọ́ìlì pọ̀! Irin gidi! Tòde òní, agolo ni gbogbo wọn!”

Gbùùrùrù! Pù-pù-pù…

“Àmọ́ ó ti darúgbó o! Pístìnnì ẹ̀ ti jẹ. Ìdọ̀tí ti dí kàbúrétọ̀. Sáìlẹ́ńsà ti lu. Kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n fi kẹrosíìnì fọ inú ẹ̀!”

Àfẹ́sọ́nà mi ti fi tìmùtìmù bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ayọ̀ ni.

Lójijì, ariwo dákẹ́.

“Ẹ ẹ̀ rí i? Ó ti kú! Ẹ gbá a nípàá, ó máa jí! Àbí kẹ́ ẹ fún mi! Bó ṣe wà yẹn ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀. Inú yàrá mi gan-an ni màá gbé e sí. Ohùn yìí ni kó máa jí mi láràárọ̀ títí ayé!”

Ilẹ̀kùn ṣí.

Bàbá àna mi ló yọ. Ojú oorun. Àpá ìrọ̀rí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo yọjú wo inú yàrá, bẹ́ẹ̀dì ni mo rí. Mo yọjú lójú fèrèsé, alùpùpù wà lábẹ́ tapólì lẹ́yìnkùlé, adìẹ sùn lé e lórí.

Yéè! Bàbá ló ń fi imú hanrun!

“Ta ló ní pístìnnì mi ti jẹ?”

Orúnkún mi lu ilẹ̀ gbì. “Ẹ… ẹ jọ̀ọ́ sà…”

“Ta ló ní kí wọ́n gbá mi nípàá?”

Ìyá àna mi sáré yọ láti kíṣìnnì, ṣíbí lọ́wọ́. “Onísílíńdà méjì! Ẹ̀rín ń pa mí o! Àtọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọkọ mi ni mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi sọ fún wọn pé sáìlẹ́ńsà wọn ti lu!”

Bàbá wò mí títí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti ń rí àfẹ́sọ́nà mi nílé ọkọ mìíràn.

“Gbogbo àwọn tó ti wá tọrọ ọmọ mi,” ni bàbá wí, “kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn mi tó pè é ní irin gidi. Mo fún ẹ lọ́mọ.”

Mo fẹ́ fò sókè.

“Ṣùgbọ́n o ní o máa gbé mi sínú yàrá ẹ.”

“Mo gbọ́ ọ! Mo jẹ́rìí!” ni ìyá àna mi ké. Kí n tó dìde lórí orúnkún, wọ́n ti di ẹrù bàbá sẹ́nu ọ̀nà.

A ti ṣègbéyàwó báyìí. Ìyá àna mi ń sùn bí ọmọ ọwọ́ nílé wọn. Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Èmi àti ìyàwó mi wà lórí àga pálọ̀, ojú wa pọ́n kuku bí iná.

Lánàá, mo bẹ bàbá pé, ó kéré tán, kí wọ́n jẹ́ kí n gbé alùpùpù ẹ̀yìnkùlé náà wá sọ́dọ̀ wa.

Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ariwo ẹ̀ ò ní jẹ́ káwọn sùn.